Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tọ́ craft beer (bíà oníṣẹ́ ọnà) wò: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tọ́ọ̀wò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu bíà, lágà aláwọ̀ wúrà kan náà ni mo sì ń mu látìgbà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan wá gbé agolo IPA (India Pale Ale) kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rú gan-an nínú ife, òórùn máńgòrò ni mo kọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ bí mo ṣe gbé e mì, ìkorò kan dúró sẹ́yìn ahọ́n mi, kò lọ bọ̀rọ̀. Mi ò lè sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí mo wá lọ síwájú pẹpẹ láti yan òmíràn, mo rí stout, saison, gose, dubbel, hefeweizen. Mi ò mọ èyí tí mo lè mú.

Ṣé èyí tó dúdú ni ale, tí èyí tó mọ́ sì ń jẹ́ lágà? Kí ni nọ́ńbà IBU ara agolo ń sọ? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe èyí tó máa tètè pa mí ni mò ń wá o. Adùn rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà_Apọntí

Káàbọ̀, àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mu bíà fún ọdún gbọọrọ láìbéèrè ọ̀kan nínú ohun tí o béèrè yìí.

Àwọ̀ kọ́ ló ya ale sọ́tọ̀ lára lágà. Ìwúkàrà ni. Ìwúkàrà ale máa ń ṣiṣẹ́ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí 15°C sí 24°C, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá. Ti lágà fẹ́ràn òtútù, bí 8°C sí 13°C. Tó bá sì ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á tún fi ọtí náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tó tutù nini kó lè tòrò. Àdàlù ni ìwúkàrà lágà yìí. Ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ ni ìwúkàrà ale. Èkejì ni èyí tí àwọn onímọ̀ rí nínú igbó Patagonia ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n kéde ní 2011. Àwọn apọntí ti fi í ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ òbí kejì yìí.

Ọ̀dọ̀ mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà, ni àwọ̀ ti ń wá. Wọ́n á rẹ báálì sínú omi títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, wọ́n á wá fi ooru gbẹ ẹ́. Tí ooru náà bá rọra, bíà á mọ́, òórùn búrẹ́dì á wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá yan ọkà náà títí tó fi dúdú, òórùn kọfí àti ṣokoléètì á dé. Nítorí náà lágà dúdú wà, irú bíi schwarzbier àwọn ará Jámánì. Ale aláwọ̀ wúrà náà wà, irú bíi Kölsch ti ìlú Cologne.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má tíì sá kúrò nídìí lágà. Wá pilsner tó dáa gan-an, tí kò tíì pẹ́ nínú ìgò, kí o fara balẹ̀ mu ún. Ní 1842, Josef Groll, apọntí ará Bavaria, pọn bíà kan ní Plzeň ní ilẹ̀ Bohemia. Mọ́ọ̀tì tí wọn ò jẹ́ kó dúdú ló lò, pẹ̀lú hóòpù Saaz (òdòdó tó ń mú bíà korò), ìwúkàrà lágà, àti omi ìlú náà tí iyọ̀ inú ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn lágà aláwọ̀ wúrà tó kún ayé lónìí, ìran bíà yẹn ni wọ́n. Kí o ra Helles mọ́ ọn, lágà aláwọ̀ wúrà irú tí ilé ìpọntí Spaten ní Munich gbé jáde ní 1894. Da díẹ̀díẹ̀ sínú ife méjì, kí o máa tọ́ ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Pilsner á gbẹ lẹ́nu rẹ, á sì korò níparí. Helles á rọ̀ jù ú lọ, adùn mọ́ọ̀tì lá borí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí, ìyókù ò ní ṣòro fún un.

Hóòpù_Tútù

Ẹ̀gbọ́n, mo júbà yín, àmọ́ mi ò gbà pé ká dá ẹni tí òórùn máńgòrò ti fà wọlé padà sídìí lágà.

Tọ́ọ̀wò, hóòpù ni ohun tó fà ọ́ yẹn, òdòdó ewéko kan tó máa ń lọ́ mọ́ igi gòkè. Wọ́n á dà á sínú omi mọ́ọ̀tì tó ń hó lórí iná. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, bíi wákàtí kan, ìkorò rẹ̀ á jáde, òórùn rẹ̀ á sì bá ooru lọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ ni wọ́n dà á sí i, tàbí lẹ́yìn tí ọtí ti tutù pátápátá, òórùn ló máa pọ̀, ìkorò ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíà fi lè kún fún hóòpù láìkorò jù.

Ní ti IBU, ìwọ̀n ohun kíkorò tó ti ara hóòpù jáde ni: IBU 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílígíráàmù 1 nínú lítà kan. Kò lè sọ bí bíà náà ṣe máa rí lẹ́nu rẹ. Imperial stout (bíà dúdú tó le gan-an) tó ní 60 lè dùn lẹ́nu ju pilsner tó ní 40 lọ, torí ṣúgà mọ́ọ̀tì tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ti bo ìkorò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, má fi nọ́ńbà yẹn nìkan yan bíà.

Pale ale àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ti Sierra Nevada ní California, láti 1980, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ hóòpù Cascade, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972. Òórùn ọsàn gireepù àti ti igi páìnì ló ní. Kò korò tó IPA, ọtí inú rẹ̀ ò sì le tó ti IPA. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lẹ́nu, kí o wá fi IPA méjì wéra: ti West Coast, tó tòrò, tó gbẹ, tó korò ṣánṣán, àti hazy, tí wọ́n fi ọkà oat tàbí wíìtì sí kó lè ki lẹ́nu. Hazy ni èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ. Tí ìkorò rẹ̀ bá pọ̀ lójú rẹ, fi ti West Coast sílẹ̀ ná.

Wọ́n á tún sọ fún ọ pé torí kí bíà má bàa bàjẹ́ lójú òkun ni wọ́n ṣe dá IPA sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Pale ale tó ní hóòpù púpọ̀ ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di pé ẹnì kan ń pe ohunkóhun ní IPA. Hodgson, apọntí kan ní Bow ní London, ti ń kó tiẹ̀ ránṣẹ́ sí Íńdíà ní ìparí ọ̀rúndún 18. Láti 1822 làwọn apọntí Burton upon Trent bá a dá sí òwò náà, omi ìlú wọn tó kún fún gypsum (irú iyọ̀ inú ilẹ̀ kan) sì ń mú kí ìkorò hóòpù jáde ketekete.

Ìyá_Wíìtì

Ẹ rọra, ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ yìí ní ìkorò lohun tó dá òun dúró, ẹ sì tún ń ru ìkorò lé e lórí.

Ọmọ mi, hefeweizen, bíà wíìtì àwọn ará Jámánì, ni kí o lọ rà. Ó kéré tán, ìdajì ọkà inú rẹ̀ jẹ́ wíìtì, IBU rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá 15. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù ni wàá gbọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù sí i.

Bí wọ́n ṣe ń da á náà ṣe pàtàkì. Fi omi tútù ṣan ife gíga kan, dẹ ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o máa da bíà sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí ìfófó rẹ̀ máa ń gòkè ju ti bíà mìíràn lọ. Tó bá ku díẹ̀ nínú ìgò, dúró. Yí ìgò náà pòyìpòyì lọ́wọ́ rẹ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ọtí tó kù, kí o wá dà á lé e. Bíà á rú lójú rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfófó á ki sí i. Gbé imú rẹ sún mọ́ ọn nígbà náà.

Witbier ti Bẹ́ljíọ̀mù tún wà, èyí tí wọ́n ń fi èso kọriáńdà àti èèpo ọsàn sí. Irú bíà yìí ti kú pátápátá ní Hoegaarden kí Pierre Celis tó jí i dìde láàárín ọdún 1960 sí 1970. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ràn nǹkan lè dá a padà sáyé bẹ́ẹ̀.

Tọ́ọ̀wò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n Hóòpù, ó ti yé mi lórí IBU. Ìyá, tí kò bá sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni òórùn rẹ̀ ti ń wá? Mo tún rí "Trappist" lára ìgò mẹ́ta tí àwọ̀ bíà inú wọn ò jọra rárá. Ṣé irú bíà kan nìyẹn?

Àgbà_Apọntí

Ìwúkàrà ló ń ṣe é. Bó ṣe ń jẹ ṣúgà inú omi mọ́ọ̀tì, kì í ṣe ọtí àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tú jáde. Ó ń tú òórùn oríṣiríṣi sílẹ̀ pẹ̀lú. Isoamyl acetate, tó ń fúnni ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú bíà, òun náà ló wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an. Ti kànáfùrù ni wọ́n ń pè ní 4-vinyl guaiacol, ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ale mìíràn ni kò sì lè ṣe é. Ooru náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: apọntí tó bá jẹ́ kí ibi iṣẹ́ gbóná díẹ̀ sí i sábà máa ń rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ sí i.

Mo ti rí omi mọ́ọ̀tì kan náà, hóòpù kan náà, tí a pín sí ìkòkò méjì, tí a fi ìwúkàrà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí. Ẹni tó bá tọ́ méjèèjì wò á búra pé ohun tí a fi ṣe wọ́n ò jọra. Tí o bá ń ka ara ìgò, má wo àwọ̀ nìkan. Wá ohun tí wọ́n sọ nípa ìwúkàrà.

Ọ̀rẹ́_Mọ́ńkì

Jẹ́ kí n dá a lóhùn lórí Trappist. Kì í ṣe irú bíà kan. Ó ń sọ ibi tí bíà ti wá àti ẹni tó ń bójú tó o. Àwọn mọ́ńkì Trappist, ẹgbẹ́ mọ́ńkì ìjọ Kátólíìkì kan, fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1997. Bíà tó bá máa gba àmì wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n pọn láyìíká ilé àwọn mọ́ńkì, kó wà lábẹ́ àbójútó wọn, owó tó bá sì wọlé kò gbọ́dọ̀ kọjá gbígbọ́ bùkátà ilé náà àti ṣíṣe àánú. Èyí tí wọ́n bá kọ "abbey" (ilé àwọn mọ́ńkì) sí lára lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ aládàáni.

Irú bíà inú wọn ló yàtọ̀ síra. Dubbel ti Westmalle, ilé mọ́ńkì kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, dúdú díẹ̀, ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 7%, adùn rẹ̀ jọ ti èso gbígbẹ. Tripel wọn mọ́ bíi wúrà, ó sì jẹ́ 9.5%. Ẹ rí i bí àwọ̀ ṣe lè tan èèyàn jẹ! Orval, bíà ilé mọ́ńkì mìíràn, tún dá yàtọ̀ pátápátá: 6.2%, ó gbẹ, ó korò, ìwúkàrà ìgbẹ́ tó ń jẹ́ Brettanomyces sì ń bá iṣẹ́ lọ nínú ìgò, tí èyí tó ti pẹ́ kì í fi í jọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èmi ò mọ bíà tí mo fẹ́ràn tó o.

Tọ́ọ̀wò, tripel máa ń rọrùn lẹ́nu débi pé èèyàn á gbàgbé pé ó le. Ife kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife méjì lágà tó jẹ́ 5%. Ẹ pín ìgò kan láàárín ara yín. Ẹni tó bá máa wakọ̀, ẹni tó lóyún, ẹni tó ń lo oògùn tí ọtí ò bá mu, kí wọ́n má fẹnu kàn án rárá.

Ọsàn_Wẹ́wẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ bíà tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́! Èmi ò fẹ́ràn bíà kankan títí wọ́n fi fún mi ní gueuze.

Ní àyíká Brussels àti Pajottenland ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tó ń pọn lambic kì í fi ìwúkàrà sí i. Wọ́n á da omi mọ́ọ̀tì tó gbóná sínú agbada bàbà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lábẹ́ òrùlé, wọ́n á fi sílẹ̀ ní gbangba mọ́jú, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára igi ilé á sì bọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣe é, torí ohun tó ń ba ọtí jẹ́ máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí ooru bá mú. Ó di inú àgbá igi, ó lè lo ọdún kan, ó lè lo mẹ́ta. Hóòpù tó ti gbó ni wọ́n ń lò, torí ìdènà bakitéríà ni wọ́n ń wá lára rẹ̀. Wọn ò wá ìkorò. Tí wọ́n bá da ti ọdún kan, ti méjì àti ti mẹ́ta pọ̀ sínú ìgò, tí ìwúkàrà sì tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gueuze nìyẹn. Tí wọ́n bá fi ṣẹ́rì sí i, kriek ni.

Tí èyí bá pọ̀ jù lójú ẹ, bẹ̀rẹ̀ lórí gose, bíà Goslar àti Leipzig ní Jámánì: ó kan díẹ̀, ó níyọ̀ díẹ̀, kọriáńdà wà nínú rẹ̀, kì í sì í sábà tó 5%. Ẹni tó bá fẹ́ràn omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àgbà_Apọntí

Gose, mo fara mọ́ ọn. Gueuze, mi ò fara mọ́ ọn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni, ó sì yẹ kẹ́ni tó fẹ́ mu ún ti mọ ohun tí bíà tí kò kan jẹ́, kó lè mọ ibi tí èyí ti yà kúrò lọ́nà.

Ọsàn_Wẹ́wẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá fún bíà, ìkorò ni wọ́n ń sá fún. Lambic ò fi bẹ́ẹ̀ korò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tó bá ṣí fún wọn wọlé.

Adúmáadán

Tọ́ọ̀wò, má jẹ́ kí bíà dúdú bà ọ́ lẹ́rù. Guinness Draught tí gbogbo ayé mọ̀, 4.2% péré ni, ó fúyẹ́ ju ọ̀pọ̀ lágà lọ. Naitirójìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún un ní 1959 ló jẹ́ kó dà bíi pé ó ki: naitirójìn kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ìfófó rẹ̀ máa ń wẹ́ gan-an, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu.

London ni porter, bíà dúdú mìíràn, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún 18, inú rẹ̀ ni stout ti jáde. Ní 1817, Daniel Wheeler gba ẹ̀tọ́ lórí àgbá onírin tí wọ́n fi ń yan mọ́ọ̀tì. Látìgbà náà ni apọntí ti lè lo mọ́ọ̀tì tó mọ́ fún èyí tó pọ̀ jù, kó wá fi ìwọ̀nba èyí tó dúdú pa á láwọ̀. Bẹ̀rẹ̀ lórí dry stout tàbí porter. Imperial stout, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ 8% sókè, kí ìyẹn dúró dè ọ́.

Tọ́ọ̀wò

Ẹ ti fún mi níṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣì wà: tí mo bá ti da á sínú ife, kí ni kí n máa ṣe? Ẹ̀yin ń gbọ́ èso, ẹ̀ ń gbọ́ páìnì, "bíà" nìkan ni èmi ń gbọ́.

Ìyá_Wíìtì

Ife ni kí o kọ́kọ́ wò. Tí ìfófó wẹ́wẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì nínú lọ́hùn-ún, tí kò gòkè, ife náà ò mọ́ dáadáa. Ọ̀rá díẹ̀ ti tó láti pa ìfófó. Fọ̀ ọ́, fi omi púpọ̀ ṣan án, má fi aṣọ nù ún nínú.

Má mu ún lẹ́nu agolo. Imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Má da á kún, kí àyè lè wà fún òórùn. Gbọ́ òórùn rẹ̀ kí o tó tọ́ ọ wò. Fa díẹ̀, jẹ́ kó kárí ahọ́n rẹ, gbé e mì, kí o wá mí jáde nímú pẹ̀lú ẹnu pípadé: ibẹ̀ ni òórùn kejì ti máa ń wá. Lẹ́yìn náà, dúró díẹ̀, wo ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tìrẹ. Tó bá rán ọ létí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, koríko ni kí o kọ.

Má sì jẹ́ kó tutù jù. Lágà dáa ní bí 4°C sí 7°C, ọ̀pọ̀ ale ní bí 8°C sí 12°C. Tó bá ti tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n á kú, òórùn ò ní dìde.

Hóòpù_Tútù

Kí o sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìdí agolo. Òórùn hóòpù kì í pẹ́. IPA tó ti lo oṣù mélòó kan níbi tó gbóná, òórùn rẹ̀ á ti lọ, á kù ìkorò àti adùn páálí tútù. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́: tí oòrùn bá kan ohun kíkorò inú hóòpù, bíà á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn láàárín àkókò díẹ̀. Ìgò aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara kì í dáàbò bò ó. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ sàn jù, agolo ló sì dáa jù. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ràn irú bíà kan, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá èyí tó ti bàjẹ́ lòun mu.

Tọ́ọ̀wò

Mo ti ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n Apọntí sọ. Pilsner lápá òsì, Helles lápá ọ̀tún. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tó yá, tí òtútù wọn dín kù, Helles bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí èèpo búrẹ́dì, pilsner sì ní òórùn ewé kan tí mi ò rí orúkọ fún, ìkorò rẹ̀ mọ́, ó sì tètè lọ. Ìkorò yẹn dùn mọ́ mi. Hefeweizen ló kàn, lẹ́yìn náà pale ale.

Ohun kan rú mi lójú. Mo mu pilsner mìíràn níbi tí wọ́n ti ń fà á láti inú ẹ̀rọ, òórùn bọ́tà ni mo ń gbọ́, ó sì ń yọ̀ lórí ahọ́n. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Àgbà_Apọntí

O káre, àbúrò mi. Ẹnu rẹ ti ń là.

Diacetyl ni ohun tí o gbọ́ yẹn. Ìwúkàrà ló ń fa á nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń kó o jẹ padà tí wọ́n bá fún un láyè. Ìdí nìyẹn tí apọntí lágà fi máa ń jẹ́ kí ọtí lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ fún ọjọ́ bíi méjì nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí, kó tó dá a padà sínú òtútù. Tí wọ́n bá kánjú, bọ́tà á kù síbẹ̀. Nínú àwọn pilsner Bohemia kan, ìwọ̀nba rẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Àmọ́ èyí tó bá borí gbogbo adùn mìíràn, tó sì jẹ́ láti inú ẹ̀rọ, rọ́bà tí bíà ń gbà kọjá ló ṣeé ṣe kó dọ̀tí, tí bakitéríà ti wọ inú rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, kí o sì tọ́ bíà mìíràn wò láti ẹnu ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí òun náà bá ní bọ́tà, ẹ̀bi ò sí lọ́wọ́ apọntí. Tó bá sì jẹ́ ọ̀kan yẹn péré ló ní in, wá pilsner náà nínú agolo, kí o tún un tọ́ wò kí o tó dá a lẹ́jọ́.